“Mi Ò Mọ̀” Kì Í Ṣe Irọ́ Nígbà Gbogbo

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Tí ọmọ bá ṣe nǹkan tí kò dáa, ẹ máa ń bi í pé, “Kí ló dé tó o ṣe bẹ́ẹ̀?” Tó bá dáhùn pé, “Mi ò mọ̀,” inú á tún bí yín sí i. Èmi rò pé ó lè jẹ́ òótọ́.

Ẹ wo tèmi. Mọ́mì rán mi lọ ra iṣu lọ́jà Beresford Square. Ìyá oníṣu fi £5 lé ṣéńjì mi, wọn ò mọ̀. Èmi mọ̀. Mo kó o sápò, mo lọ. Nígbà tí Mọ́mì ka owó náà nílé, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò dá a padà. “Mi ò mọ̀.” Wọ́n ní irọ́ ni, pé ojúkòkòrò ló ń dà mí láàmú.

Lọ́jọ́ kejì a gba Royal Arsenal kọjá. Ẹ mọ àwọn ère irin 16 tí Peter Burke ṣe síbẹ̀? Wọ́n rí bí èèyàn, àmọ́ inú wọn ṣófo. Mo wò wọ́n títí. Inú tèmi ò ṣófo, kí ló wá wà níbẹ̀?

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé mo fẹ́ owó yẹn lóòótọ́. Kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Yorùbá ni ìyá oníṣu ń bá mi sọ. Tí n bá fẹ́ dá owó padà, àfi kí n fi Yorùbá ṣàlàyé, ẹ̀rù sì bà mí pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ìtìjú náà wà nínú olè tí mo jà!

Àwọn àgbà ní èèyàn ní orí òde, ó sì ní orí inú. Ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, wọ́n kọ “Mọ ara rẹ” sára tẹ́ńpìlì kan ní Delphi. Ká ní ó rọrùn ni, ṣé wọ́n á máa kọ ọ́ síbẹ̀?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má bá wa wí o. Ẹ kàn fún wa láyè di alẹ́, kẹ́ ẹ wá tún bi wá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi náà, ẹ má fi “mi ò mọ̀” sá pamọ́. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní báyìí, tí ẹnì kan bá hùwà burúkú ní kíláàsì wa, mi ò tètè sọ pé èèyàn burúkú ni.

Mo dá £5 náà padà ní Sátidé. Ìyá oníṣu rẹ́rìn-ín sí Yorùbá mi lóòótọ́. Wọ́n sì fún mi ní ata méjì.