Afẹ́fẹ́ Fẹ́, A Rí Fùrọ̀ Adìyẹ

Ẹ dúró díẹ̀ ní ìsọ̀ aládìyẹ nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra adìyẹ. Aládìyẹ á gbé àgbébọ̀ kan sókè, ìyẹ́ rẹ̀ á máa dán, á sì dá iye lé e. Ìyá kò ní dá ìyẹ́ lóhùn. Á gba adìyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ìka wá egungun àyà rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀, á gbé e wò bó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà á yí ìdí rẹ̀ sókè, á sì fi ẹnu fẹ́ ìyẹ́ ibẹ̀ fùù. Ìgbà tó bá rí abẹ́ ìyẹ́ tán ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Àwọn àgbà ló ní, "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ." Ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú la sábà máa ń pa á fún. Ẹni tí a rò pé olówó ni, tí gbèsè rẹ̀ wá yọjú. Ilé tí a rò pé ó dúró ire, tí òjò kan wá fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n mo rí ìmọ̀ràn nínú òwe yìí fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan: ohun tí afẹ́fẹ́ yóò ṣí lọ́la, olùrà lè fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ wò lónìí, kí owó tó kúrò lápò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí òwe náà sì jẹ mọ́ afẹ́fẹ́ gan-an: báwo la ṣe ń mọ iye tí ibùdó iná afẹ́fẹ́ tó lọ́jà?

Ní àríwá orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní agbègbè Marsabit, nítòsí adágún Turkana, ẹ̀rọ 365 ló tò sórí ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta. Afẹ́fẹ́ gba àárín òkè Kẹ́ńyà àti òkè Ẹtiópíà kọjá síbẹ̀ bí omi tí ń gba ẹnu ìgò. Agbára ibùdó náà jẹ́ mẹ́gáwáàtì 310. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 2014, wọ́n sì ti gbé gbogbo ẹ̀rọ dúró ní 2017. Ní 2015, Google ṣèlérí pé bí iṣẹ́ bá parí, òun yóò ra ìpín 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ Vestas, ilé-iṣẹ́ Dẹ́ńmáàkì tó ṣe àwọn ẹ̀rọ náà.

Ìyẹ́ adìyẹ ń dán. Ẹ̀rọ dúró, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ṣùgbọ́n iná kò rí ọ̀nà lọ. Wáyà tó yẹ kó gbé e dé Suswa, ìrìn tó lé ní kìlómítà 400, kò tíì sí nígbà yẹn. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Sípéènì tó gba iṣẹ́ wáyà náà wọ gbèsè, wọ́n sì ní láti gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Oṣù Kẹsàn-án 2018 ni iná tó wọ ojú òpó ìjọba; oṣù Keje 2019 ni Ààrẹ Uhuru Kenyatta ṣí ibùdó náà. Ọdún yẹn kan náà ni àdéhùn Google fọ́ nítorí ìdádúró yìí.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Láàárín ìgbà tí Google fẹ́ rà á sí ìgbà tó jáwọ́, òpó kan kò kúrú sí i, afẹ́fẹ́ Turkana kò sì rọlẹ̀. Abẹ́ ìyẹ́ ni ohun tó mú olùrà pẹ̀yìn dà wà.

Àwọn tí ń díye lé dúkìá ní ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n béèrè pé èló la fi kọ́ ọ. Ọ̀nà yìí kì í gbéni jìnnà: ẹni tó ná owó gọbọi sórí ilé tó wà lójú àgbàrá mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò dá owó náà padà fún òun. Èkejì ni kí wọ́n wo iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ níbòmíràn. Èyí dára fún mọ́tò, nítorí irú kan náà pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ibùdó méjì ní afẹ́fẹ́ kan náà, àdéhùn kan náà àti irú ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù: kí ni yóò máa mú wọlé lọ́dọọdún títí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi pé, bí a bá sì yọ ìnáwó kúrò, èló ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ lónìí?

Níbẹ̀ ni fífẹ́ ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ ni agbára inú rẹ̀ ń dà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń sáré mítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fi nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára ju ibi tó ti ń sáré mítà 6 lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ri òpó ìwọ̀n mọ́lẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wá. Iye méjì ló ń jáde nínú ìṣirò náà: èyí tó ṣeé ṣe ká kọjá rẹ̀ tàbí ká má dé e bákan náà, àti èyí tí a lè fi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dá lójú pé a ó dé. Ẹni tó ń tà á máa ń pariwo iye àkọ́kọ́. Báǹkì tó fẹ́ yáni lówó ń tẹjú mọ́ èkejì.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, àdéhùn. Ta ni yóò ra iná náà, ní èló, fún ọdún mélòó? Ibùdó Turkana ní àdéhùn 20 ọdún pẹ̀lú Kenya Power, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní Kẹ́ńyà. Ibùdó tí ọdún 15 kù nínú àdéhùn rẹ̀ àti èyí tí ọdún 3 kù fún lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ wọn kò lè gba iye kan náà.

Owó ọ̀la kò sì tó owó òní. Bí owó òní bá lè fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ₦1,000 tí yóò wọlé lẹ́yìn ọdún 10 kò ju nǹkan bí ₦386 lọ lónìí. Èyí tí yóò wọlé lẹ́yìn ọdún 20 jẹ́ nǹkan bí ₦149. Bí ewu bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí à ń lò ń ga sí i, tí iye sì ń já wálẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gbó pẹ̀lú. Ní Vindeby ní Dẹ́ńmáàkì, ibùdó iná afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n kọ́ sínú òkun ní 1991, wọ́n tú ẹ̀rọ 11 tó wà níbẹ̀ palẹ̀ ní 2017. Owó ìtúpalẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Meru dájọ́ pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà òfin nígbà tí wọ́n gba ìwé ilẹ̀ eka 150,000 tí ibùdó Turkana wà lórí rẹ̀, ó sì fún wọn ní ọdún kan láti tún un ṣe. Àwọn darandaran agbègbè náà ló pe ẹjọ́. Ẹni tó bá ra ìpín níbẹ̀ ra ẹjọ́ náà mọ́ ọn. Síbẹ̀, ní 2023, àjọ owó kan tí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò BlackRock ń bójú tó ra nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Wáyà ti dé, iná ti ń tà: ìdáhùn abẹ́ ìyẹ́ ti yí padà, olùrà sì padà wá.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí wà nílé. Ní Lambar Rimi, ní ìpínlẹ̀ Katsina, ẹ̀rọ iná afẹ́fẹ́ 37 wà, mẹ́gáwáàtì 10 ni wọ́n fi lọ́lẹ̀ pé yóò mú wá. Ní oṣù Kejìlá 2012, àwọn agbébọn jí ẹnjinníà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ ibùdó náà gbé ní Rimi. Ó tó oṣù mọ́kànlá kó tó bọ́. Ọdún gorí ọdún, iná tí aráàlú ń retí kò dé bí wọ́n ṣe ṣèlérí rẹ̀. Owó gbogbo wa ló wà lórí àwọn òpó wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká gbé wọn lọ sọ́jà lónìí, iye òpó kọ́ ni olùrà yóò kà. Yóò béèrè bóyá iná ń jáde, ẹni tó ń sanwó rẹ̀, àti bóyá ẹni tí yóò tún un ṣe lè fọkàn balẹ̀ sùn nítòsí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba kan bá tún dúró níwájú wa, tó ń fi àwòrán òpó gíga hàn wá, tó sì ń ka bílíọ̀nù sí wa létí, ẹ má jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún ìyẹ́. Ká béèrè ìwé ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Ká béèrè àdéhùn, ká béèrè ibi tí wáyà dé, ká béèrè ohun tí àwọn onílẹ̀ sọ. Afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ dandan. Kó tó fẹ́, ẹ jẹ́ ká gba adìyẹ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ká yí ìdí rẹ̀ sókè.