BLO: Ọmọkùnrin mẹ́ta tó fi fọ́ńkì gba ìgboro Èkó, kí ló tú báńdì wọn ká?

Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní 1989 kò ní í gbàgbé ọdún náà bọ̀rọ̀. Ọdún yẹn ni Shina Peters gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó pè ní 'Ace' jáde, tí ariwo 'Afro-Juju' sì gba ìlú kan. Láti Mushin títí dé Abigi ní Ogun Waterside, bí wọ́n bá ń ṣòkú àgbà, bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ, kinní náà ni wọ́n ń lù. Ìyá àgbà tó ní orúnkún ń dun òun láti àárọ̀, bó bá gbọ́ ìlù yẹn báyìí, á dìde ni, á ní kí wọ́n gba gèlè òun mú. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó jó nígbà náà pé ta ni ọ̀gá tó jókòó sí sítúdíò, tó bá Shina to àwọn ìlù wọ̀nyẹn. Agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Laolu Akins lorúkọ rẹ̀. Akíntóbi ni orúkọ náà ní kíkún, Akins ni wọ́n gé e sí. Kó tó di ẹni tó ń bá olójùjú ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, onílù lòun fúnra rẹ̀, ìlù òyìnbó ló ń lù, nínú báńdì kan tí wọ́n ń pè ní BLO. B dúró fún Berkley Jones tó ń ta gìtá, L dúró fún Laolu, O sì dúró fún Gbenga Odumosu tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mike, òun ló ń ta gìtá béèsì. Èèyàn mẹ́ta péré! Ní ìlú tó jẹ́ pé bí olójùjú bá ń lọ sóde, bọ́ọ̀sì kan kì í gba àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tán.

Ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ ká mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, ọkùnrin ará Sierra Leone kan, Geraldo Pino, kó báńdì rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, orin sóòlù bíi ti James Brown ló ń kọ. Irinṣẹ́ tó kó dání tuntun, aṣọ rẹ̀ ń dán, orí sì dà rú. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin yìí kó ìdààmú bá òun. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú ọ̀rọ̀ yìí. Laolu àti Berkley wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà náà, the Clusters, tó ti bá Pino ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Orin Beatles àti ti àwọn òyìnbó mìíràn ni wọ́n ń kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Èkó, wọ́n sì ń kọ ọ́ débi pé bí èèyàn bá dijú, á rò pé Lọ́ńdọ̀nù lòun wà. Ní 1970 tó ń parí lọ, James Brown gan-an wá sí Èkó. Ẹ̀yin náà ẹ ro bó ṣe máa rí.

Ọdún 1971 ni òyìnbó kan tún dé. Ginger Baker ni, onílù ẹgbẹ́ Cream, tó wa ọkọ̀ gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó wọ Èkó. Ọkùnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn lójú àwọn kan, àmọ́ ó mọ ìlù, ó sì mọ ẹni tó mọ ìlù. Kò pẹ́ tó fi kó àwọn ọmọ wa jọ sínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt: Laolu wà ńbẹ̀, Berkley wà ńbẹ̀, Joni Haastrup wà ńbẹ̀, àwọn ìbejì ọmọ Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, náà sì wà ńbẹ̀. Wọ́n gbé wọn dé Munich ní Jámánì lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì 1972. Salt kò pẹ́ tó fi yọ́, bí orúkọ rẹ̀. Nígbà tó máa fi di òpin ọdún 1972 yẹn, Laolu àti Berkley ti padà sÉkòó, wọ́n fi Odumosu kún ara wọn, BLO dé nìyẹn.

Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, 'Chapter One', jáde ní 1973 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI. Ilé-iṣẹ́ EMI kan náà ni Paul McCartney ti Beatles wá lo sítúdíò rẹ̀ ní Apapa lọ́dún yẹn, nígbà tó ń ṣe 'Band on the Run'. Àwọn ọlọ́ṣà yọ ọ̀bẹ sí i lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tó gba orin rẹ̀ sí. Fẹlá náà tún dìde, ó ní ọkùnrin náà wá jí orin aláwọ̀ dúdú gbé ni. Ariwo rẹpẹtẹ! Òyìnbó wá ń wá ohun tó ń bẹ lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ tiwa sì ń fi gìtá iná wá ohun tó ń bẹ lọ́dọ̀ òyìnbó, inú sítúdíò ilé-iṣẹ́ kan náà.

BLO kúrò ní EMI lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bọ́ sí Afrodisia tó jẹ́ ti Decca. 'Phase II' jáde ní 1975, òmíràn tẹ̀ lé e, 'Phase IV' dé ní 1976. Ariwo gìtá rọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀rẹ̀ ń dínkù, fọ́ńkì ń gbilẹ̀ sí i, béèsì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bínú. Àmọ́ Odumosu ti gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní tiẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ Osibisa. Òun ló ń ta béèsì fún wọn lásìkò tí 'Sunshine Day' wọ ipò gíga nínú àwọn orin tó ń tà ní Ìlú Ọba ní 1976. Lẹ́tà O ṣì wà lára orúkọ báńdì, ẹni tó ni ín ti lọ. Àwọn tó kù ń fà á títí di 1982, wọ́n tiẹ̀ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní 1980 tí wọ́n pè ní 'Bulky Backside', ìdí ńlá ni wọ́n ń wí o, ẹ má bi wọ́n pé ìdí ta ni. Lẹ́yìn 1982, ó parí.

Kí ló wá pa á? Àwọn kan ní àìsí owó ni, àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló rẹ́ wọn jẹ. Ká má déènà pẹnu, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́ńkì kò ní ẹni tó máa kì.

Ẹ wò ó báyìí. Owó epo rọ̀bì ń wọlé láàárín àwọn ọdún 1970, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń dí òpópónà pa fún ọ̀wàǹbẹ̀. Alájé kan ṣòkú ìyá rẹ̀, ó pe Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n pe ti bàbá rẹ̀, wọ́n pe ti ìyàwó, wọ́n pe ti ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í kí ìyẹn má baà bínú. Owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin títí ilẹ̀ fi mọ́. Owó tí wọ́n ná yìí ló ń bọ́ báńdì, kì í ṣe àsansílẹ̀ nìkan. Kí wá ni BLO fẹ́ ṣe níbẹ̀? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú orin wọn. Wọ́n lè ta gìtá fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Olówó tó bá dúró dè wọ́n títí tí kò gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ṣé ó máa kówó jáde ni? Ilé ló máa lọ. Àwọn tó fẹ́ràn wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, owó géètì ni wọ́n ń san, ẹ sì mọ bí àpò akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí. Ńṣe ni dísíkò tún wá fi gbogbo rẹ̀ parí: bí olùpàtẹ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo bá lè gbé ẹ̀rọ wá, kó mú kílọ́ọ̀bù gbóná mọ́jú, ta ló fẹ́ sanwó gìtá, owó ìlù àti owó ọkọ̀ báńdì?

Ìdí nìyí tí 'Ace' fi yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Oríkì wà níwájú, gángan wà níwájú, orúkọ àwọn olówó kò yingin. Àmọ́ eré tí ìlù ń sá lábẹ́, bó ṣe le koko tí kò sì dúró gbẹ̀fẹ́, kì í ṣe inú jùjú àtijọ́ ló ti wá. Fọ́ńkì tí kò rí ẹni kì ní 1975 ti rí i ní 1989. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà tà wàràwàrà, 'Shinamania' tẹ̀ lé e ní 1990.

Ní ti BLO fúnra wọn, ìlú òyìnbó ló tún hú wọn jáde. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ṣa orin wọn jọ, wọ́n pè é ní 'Phases 1972–1982', àwọn ọmọ òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tó lágbára díẹ̀ nílẹ̀ yìí, Decree 47 ti 1988, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n tú ká ló dé. Ginger Baker kú ní oṣù kẹwàá 2019, Kẹ́hìndé Lijadu sì tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá. 'Chapter One' tí wọ́n tẹ̀ ní 1973, ògidì rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni àwọn tó ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ ń dá lé e lókè òkun. Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín lọ sí Fásitì Èkó láyé ìgbà yẹn, ẹ tú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn wò dáadáa kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń ra pàǹtí kiri.