Omi Ló Ba Síǹkì Jẹ́, Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìbà níhìn-ín ni mo sì ń gbé. Ọ̀rọ̀ síǹkì ni mo fẹ́ sọ. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ó ti lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé.

Ní ilé kan ní Òkòkómáíkò, wọ́n ra síǹkì òkúta dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní gíránáìtì, ní ọjà ohun èlò ìkọ́lé ní Orílé Coker. Owó gidi ni wọ́n kó sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tí àbàwọ́n pupa bí ìdógùn-ún irin fi yí ojú ihò rẹ̀ ká, tí nǹkan funfun bí ẹfun sì bo ìyókù. Ìyá ilé ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun kò mọ síǹkì fọ̀, ó ní òun yóò máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ó fi kànìnkànìn onírin ha síǹkì, kò lọ. Ó da Hypo sí i, kò lọ. Ló bá tún da oògùn olóró tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ lé e lórí. Ikọ́ gbé e dè, ojú ń ta á, kò rí èémí mí. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò kan tí ó fà á jáde sí gbangba. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé wọn lọ.

Wọ́n wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá yọ síǹkì náà kúrò. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní kí wọ́n bu omi ẹ̀rọ sínú abọ́ funfun kan, kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Omi náà mọ́ lóló nígbà tí wọ́n bù ú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti pọ́n, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa sì ti wà nísàlẹ̀ abọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹni tó ba síǹkì yín jẹ́ nìyí o."

Kò sí ẹni tó ń gbé láti Ọjọ́ títí dé Ìyànà Ìbà tí kò mọ irú omi bẹ́ẹ̀. Kànga ẹ̀rọ tí a ń pè ní bóhòlù ni púpọ̀ nínú wa ń mu, irin sì ń bẹ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ wa. Nígbà tí omi bá wà nísàlẹ̀, irin náà yọ́ sínú rẹ̀, ojú kò rí i. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á di ìdógùn-ún, á pọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí irin inú omi bá ti ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, ó máa ń kun aṣọ àti ohun èlò ilé. Ní tiwa, aṣọ funfun inú ilé ti jẹ́rìí tipẹ́tipẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀nà ni Hypo. Oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun kì í yọ àbàwọ́n irin. Ńṣe ló ń mú kí irin tí ojú kò tíì rí pọ́n kíákíá, kí ó sì lẹ̀ pinpin. Ẹni tó bá dà á sí àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, epo ló ń bù sí iná. Bí Hypo bá sì pàdé ásíìdì, ìbáà ṣe ti ilé ìyàgbẹ́, ìbáà ṣe fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá, gáàsì olóró tí ń jẹ́ chlorine ni yóò jáde. Ohun tó gbé ọmọ ọlọ́hun dè nìyẹn. Ó lè pa ènìyàn nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀ láéláé.

Ó yẹ kí a tún mọ ohun tí a rà. Púpọ̀ nínú síǹkì gíránáìtì òde òní kì í ṣe òkúta tí wọ́n gbẹ́. Ìyẹ̀fun òkúta ni wọ́n fi nǹkan bí àtè rọ́bà pò pọ̀ tí wọ́n sì dà sínú mọ́ọ̀dù. Ilé iṣẹ́ Schock ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1979. Òkúta inú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n àtè tó so ó pọ̀ kò fẹ́ ásíìdì líle, kò fẹ́ kọ́sítíìkì sódà. Kànìnkànìn onírin ń sá a lójú, ó sì ń fi irin tirẹ̀ sílẹ̀ tí yóò tún dógùn-ún. Ẹni tó bá sì gbé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lé e lórí, tó tún da omi tútù sí i lójú ẹsẹ̀, kó má bínú bó bá sán.

Èwo wá ni ṣíṣe? Kò nira. Ẹ rántí ọlọ àwọn ìyá wa. Òkúta ni òun náà. Bí wọ́n bá ti lọ ata tán, wọn kì í jẹ́ kí ata gbẹ mọ́ ọn. Wọ́n á ṣàn án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni síǹkì. Ọṣẹ olómi àti kànìnkànìn rírọ̀ ti tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, nítorí omi tó bá gbẹ lójú rẹ̀ ló ń fi ẹfun àti ìdógùn-ún sílẹ̀. Bí ó bá ti ní àbàwọ́n, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà tí a là pa á lára, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kó tó lọ. Lọ́jọ́ náà, kí Hypo má dé ìtòsí rẹ̀ rárá. Epo ọbẹ̀ náà, ẹ fi bébà nù ún kúrò nínú ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kó má baà dì nínú páìpù.

Mi ò ní dá àwa oníṣẹ́ ọwọ́ sí. Àwa náà jẹ̀bi. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń sọ fún oníbàárà pé "ẹ da ásíìdì sí i, á bó." Èmi alára ti sọ ọ́ rí nígbà tí mi ò tíì mọ̀, mo sì tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin onílé ni ẹjọ́ kù sí lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè ra síǹkì olówó ńlá, ó yẹ kó lè tún omi rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí omi kànga máa tú bí òjò wọ inú táǹkì kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí ó sùn sílẹ̀ mọ́jú, kí ó sì gba inú asẹ́ oníyanrìn kọjá. Kì í ṣe gbogbo irin ni yóò lọ, ṣùgbọ́n yóò dín kù. Kí ẹ sì máa fọ táǹkì.

Ìjọba náà, ẹ gbọ́ o. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Marina sí Mile 2 ní 2023, Òkòkómáíkò ni wọ́n ṣètò pé yóò parí sí. A dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tó mọ́ tẹ̀lé ojú irin náà wá.

Kí ó tó dé, ẹ̀yin ìyá mi, bí síǹkì bá pọ́n, ẹ kọ́kọ́ bu omi sínú abọ́ funfun kí ẹ tó pe ọmọ ọ̀dọ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò tó síǹkì rà, ẹ̀mí rẹ̀ sì ju síǹkì lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Púlọ́ńbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbà, Ọjọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.