Ètè Ń Bẹ Nílẹ̀, Wọ́n Ń Pa Làpálàpá

Ilẹ̀ ibi tí àwọn takisí Micra ti ń pe èrò ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, nílùú Ìbàdàn, dúdú, ó sì ń yọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́ irú èyí tí Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1992, tí òyìnbó ti lò dáadáa kí wọ́n tó di tòkunbọ̀. Rọ́bà inú wọn ti yá ooru fún ọdún pípẹ́, ó ti gan bí awọ gbígbẹ. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n ń jò. Bí wọ́n ṣe ń tún wọn ṣe ló ń bíni nínú.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe náà kò nílò ògbufọ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe òdì kejì rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ á dé, ìdí rẹ̀ á tutù fún ọ́ìlì. Ọmọ iṣẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú bẹntiróòlù nu etí sọ́ǹpù, á fún gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú yí i ká, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n á bu ọ́ìlì líta kan sí i. “Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ.” Kí ọjọ́ méje tó pé, ọkọ̀ ti padà, ó ń jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sọ́ǹpù kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òun ló kàn wà nísàlẹ̀ tí gbogbo ọ́ìlì ń dà lé lórí.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ burú ju kí wọ́n má fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Gọ́ọ̀mù kì í mú lójú irin tó ní ọ́ìlì, bí wọ́n bá sì sọ sọ́ǹpù kalẹ̀ kí wọ́n tó fún un sí i, èyí tó bá pọ̀ jù nígbà tí wọ́n bá ń dè é padà á fún wọnú. Inú lọ́hùn-ún ni yóò ti já, tí yóò máa bá ọ́ìlì kiri títí yóò fi dé ẹnu asẹ́ tí pọ́ǹpù ń gbà fa ọ́ìlì. Asẹ́ náà kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ. Bí ó bá dí, ọ́ìlì kò ní gòkè mọ́. Iná pupa tó dà bí kẹ́tù á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bí awakọ̀ kò bá sì pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Bí ohun tí gásíkẹ́ẹ̀tì kan ìbá wò sàn ṣe ń di owó odidi ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jò: òun ló máa ń dúdú tàbí kó pọ́n bí oyin àtijọ́. Ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì a máa pupa, omi AC kò sì ní àwọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èyí ṣe pàtàkì ní Mápó ju ibi púpọ̀ lọ, nítorí téńté òkè ni Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà, àwọn ọ̀nà tó yí i ká sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irọ́ ni géèjì ń pa, ọ́ìlì náà á sì kán síbi tí kì í ṣe abẹ́ ibi tó ti jáde.

Fífọ̀ ló kàn. Ẹ́ńjìnnì tí erùpẹ̀ àti ọ́ìlì ti dì mọ́ lára kò lè jẹ́rìí kankan. Ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ nígbà tó bá ti tutù, kí wọ́n fi nylon bo ibi tí wáyà wà. Bẹntiróòlù lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni wọ́n ń pè. Bó bá gbẹ tán, kí wọ́n bu pọ́dà ọmọdé sí ibi tí wọ́n bá ń fura sí, kí wọ́n wà á dé Bẹẹrẹ kí wọ́n sì yí padà, kí wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọ́ìlì á ti fa ìlà sínú funfun pọ́dà náà bí ipa ìgbín. Ibi tó ga jù lọ, tó sì sún mọ́ iwájú jù lọ nínú ibi tó tutù, ibẹ̀ ló ti ń jò, nítorí sísàlẹ̀ ni ọ́ìlì ń ṣàn, atẹ́gùn ìrìn ọkọ̀ sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì tó wà lókè ló máa ń jẹ̀bi jù. Kí wọ́n tún wo rọ́bà ìdí distributor, àti swíìṣì tó ń tan iná ọ́ìlì, tí ọ́ìlì lè gba àárín rẹ̀ gan-an jáde. Ìdí fílítà náà ń bẹ: rọ́bà ti àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ irin, kí wọ́n sì de tuntun lé e láìmọ̀, méjèèjì kò ní mú. Síìlì iwájú kíráǹkì a máa fọ́n ọ́ìlì yí ẹ̀yìn púlì ká. Síìlì ẹ̀yìn ni ètè gan-an, torí pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ jíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe kejì wà. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì bá ń jò lápá ẹ̀yìn, ọ́ìlì á rọra ṣàn sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí ẹ́ńjìnnì àti jíà bọ́ọ̀sì ti pàdé, á wá kán sílẹ̀ níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ti ìsàlẹ̀ wò ó á ní síìlì ẹ̀yìn ti lọ. Wọ́n á sọ jíà kalẹ̀, wọ́n á gbowó rẹ̀, ọkọ̀ á sì tún máa jò. Ẹni tó sọ làpálàpá di ètè kò sàn ju ẹni tó fi ètè sílẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ tó bá ti dàgbà gbọ́dọ̀ jò, pé awakọ̀ tó ní owó dílífà láti san fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ kò ráyè pọ́dà àti tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì ní ọjà Àrárọ̀mí, ní Gate, kì í sábà ju owó gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan lọ. Ẹni tó ń bu líta kọ̀ọ̀kan sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti san án tán kí oṣù tó parí. Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi ti Micra kò sì gbà ju bíi líta mẹ́ta lọ. Líta kan tó bá jò dànù, ìdá mẹ́ta gbogbo ohun tó ń pa á mọ́ láàyè ló lọ yẹn.

Ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò kó tó pé oṣù kan, kì í sì í ṣe pé ayédèrú ni. Òwe míì ló kàn níbẹ̀: ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ń gbé. Atẹ́gùn gbígbóná tó bá yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì máa ń kó sí ikùn ẹ́ńjìnnì. Fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń dá a padà síbi tí yóò ti jó. Bí ìdọ̀tí ọ́ìlì bá dí fáàfù yìí, atẹ́gùn náà kò ní rọ́nà lọ, yóò wá máa ti ọ́ìlì gba etí síìlì èyíkéyìí tó bá rọ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ síìlì nígbà yẹn ń fi ìlẹ̀kùn tuntun dí ojú àgbàrá ni.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, kí wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́ lé ẹnu rẹ̀. Bí bébà náà bá rọra lẹ̀ mọ́ ọn, ó dára. Bó bá ń fẹ́ ẹ dànù, fáàfù ti dí, tàbí rìǹgì písítìnì ti jẹ. Fáàfù ṣeé pààrọ̀ kíá. Rìǹgì tó jẹ ń fẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, pàápàá bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde, kò sì sí síìlì tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Fáàfù yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ra ohunkóhun, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù.

Ní ti àtúnṣe, kí wọ́n ha ojú irin méjèèjì títí yóò fi mọ́ nini. Àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í de bóòtì tápẹ́ẹ̀tì lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀. Agbára àdéjù ń tẹ ìdérí, ó sì ń fún gásíkẹ́ẹ̀tì já. Gọ́ọ̀mù náà ní àyè tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Japan ló jẹ́ pé òun ni ilé iṣẹ́ fi lẹ sọ́ǹpù àti ìdérí iwájú. Ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kò ju mílímítà 5 lọ, lórí irin gbígbẹ. Kí wọ́n de sọ́ǹpù tàbí ìdérí náà láàárín ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n bá ti fún gọ́ọ̀mù sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó bu ọ́ìlì.

Kí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá má yára sanwó tán. Kí ó gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́, kí ó tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí páálí bá gbẹ láàárọ̀, tí géèjì sì wà níbi tó wà lálẹ́, kí ó san ìyókù owó iṣẹ́.