Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn, Kó Fi Àyè Ìwé Àṣẹ Sílẹ̀

Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni í fara gbá a. Àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Ushafa ṣe ibùgbé rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, àwọn sójà gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger. Nígbà tó di ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS pé jọ sí Àbújá níbí, wọ́n ní kí wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n sì fòfin de káràkátà pẹ̀lú Niger. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Àwọn ìyá tó ń ta àlùbọ́sà Galmi láàárín wa ti sanwó ọjà sílẹ̀. Owó há sọ́hùn-ún, ẹrù há sójú ọ̀nà.

A ò ní kí ECOWAS má bá ẹni tó fi ìbọn gbàjọba wí. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀. ECOWAS kúkú mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n fìyà jẹ Màlì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n yọ oúnjẹ, oògùn, epo àti iná mànàmáná sílẹ̀. Nínú ìkéde ti Niger, a ò rí irú rẹ̀.

Ẹ wo Amẹ́ríkà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, wọ́n fòfin de Rusal, ilé iṣẹ́ Rọ́ṣíà tí a mọ̀ ní Nàìjíríà nítorí ilé iṣẹ́ alumíníọ́mù Ikot Abasi. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n gbé ìwé àṣẹ jáde pé kí àwọn tó ti bá a ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ parí òwò wọn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú léraléra, títí wọ́n fi yọ Rusal kúrò lábẹ́ òfin náà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019.

Àmọ́ ìwé àṣẹ náà ní ewu tirẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, ẹni tó fúnni sì lè gbà á padà. Báńkì tí ẹ̀rù ń bà lè kọ̀ láti sanwó kódà bí ìwé bá pé. Ẹ̀rù wọn kò ṣàì nídìí: ní 2014, BNP Paribas, báńkì Faransé, gbà láti san owó ìtanràn tó súnmọ́ bílíọ̀nù 9 dọ́là fún Amẹ́ríkà nítorí òwò Sudan, Iran àti Cuba. Nítorí náà, kí oníṣòwò wo ọjọ́ inú ìwé kó tó di ẹrù, kó má sì san gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

ECOWAS tú ìdè Niger ní oṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà sì ṣí ẹnubodè lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹnubodè tí yóò kàn lọ́la, a ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ECOWAS kọ ọ́ sínú òfin nísinsìnyí: ẹni tí yóò máa fúnni níwèé àṣẹ, iye ọjọ́ tí ẹrù ojú ọ̀nà yóò ní, àti pé kí wọ́n kéde rẹ̀ ní èdè tí ọjà ń sọ.

Àlejò ni wá lórí ilẹ̀ Gbagyi, àlejò ló sì mọ iyì àyè tí onílé fi sílẹ̀. Igi gogoro má gùn wá lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.