Ẹ̀rọ Tí Kò Tà, Tí Ọgbọ́n Rẹ̀ Sì Gbalẹ̀

Ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ lé yín sá.

Bí John von Neumann ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1945, ńṣe ni a ń to àṣẹ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí yóò sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò kékeré yìí: ẹ ro 7 pọ̀ mọ́ 5, ẹ yọ 4 kúrò nínú 9, kí ẹ wá fi èsì kìíní sọ èkejì di púpọ̀. Kí ni àròpọ̀ fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún àyọkúrò? Ọmọ méjì lè ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsọdipúpọ̀ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ dúró. Ìyàwó ilé mọ èyí: iṣu wà lórí iná, ó ń lọ ata lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gún iṣu tí kò tíì jinná.

Èrò yìí ni Jack Dennis tẹ̀ lé ní MIT, ní Amẹ́ríkà. Ní 1975 òun àti David Misunas tẹ àpẹẹrẹ ẹ̀rọ tuntun jáde. Nínú ẹ̀rọ náà, kò sí apè-orúkọ. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà tí nọ́ńbà tí ó ń retí bá dé ni yóò tó ṣiṣẹ́. Ní Yunifásítì Manchester, John Gurd àti Ian Watson kọ́ irú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 1981.

Kí ló dé tí kò fi tà? Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní láti gbé àmì kiri kí ó tó rí ẹnìkejì rẹ̀, wíwá yìí sì di iṣẹ́ ńlá fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà a pọ̀ ju ibi tí a óò kó o sí lọ. Bí ẹnìkan bá wí pé owó ṣòfò, èmi kò gbà.

Ní 1985, Yale Patt àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Berkeley wí pé: ẹ jẹ́ kí àṣẹ wà ní títò bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti pé máa ṣiṣẹ́ lọ. (Robert Tomasulo ti IBM ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní 1967, fún apá kan ẹ̀rọ Model 91.) Pentium Pro tí Intel gbé jáde ní 1995 lè ní ìgbésẹ̀ 40 lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti fóònù tí ó yára.

Ti àkọsílẹ̀ ni ó wù mí jù. Bí àṣẹ kẹwàá tilẹ̀ parí ṣáájú ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ kì í kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ńlá àfi tí ẹ̀kẹta bá ti wọlé. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, a mọ ibi tí a dé gan-an. Ẹni tí ó kọ àwọn àṣẹ náà yóò sì máa rò pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe wọ́n.