Àgbo ìdílé wa, ta ló ni ín?

Ìyeré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà: kò sí èyí tó ṣàjèjì lójú ẹni tó ń ná ọjà Kétu tàbí Àjàṣẹ́. Síbẹ̀, ní 1998, ìwé brevet jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ láti fi tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba Nàìjíríà ní Àbújá, ló gba ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Reverend Paul Ogunyale, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni wọ́n ti gba àgbo ọ̀hún.

Láti ìgbà tí irú ìròyìn báyìí ti ń dé etí wa, a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará pé ká yára gba brevet lórí ọṣẹ dúdú àti òrí, kí òyìnbó má bàa jí wọn mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó wà nínú OAPI, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Yaoundé. Àdéhùn Bangui ti 1977 ló dá a sílẹ̀. Òfin rẹ̀ ní ohun tí a fẹ́ gba brevet lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó má tíì hàn sí aráyé níbi kankan, yálà nínú ìwé tàbí lẹ́nu. Ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá ìyá wa ti ń fi eérú àti epo sè, ta ló máa pè é ní tuntun?

Òfin yìí kan náà ló gba àwọn ará Íńdíà. Ní 1995, yunifásítì Mississippi gba brevet ní Amẹ́ríkà lórí lílo ata ilẹ̀ pupa, curcuma, láti wo egbò. Íńdíà kó ìwé àtijọ́ jáde, wọ́n fi hàn pé àwọn bàbá ńlá wọn ti ń lò ó tipẹ́. Ní 1997, wọ́n fagi lé brevet náà. Ìwé ló gbà wọ́n. Tiwa ńkọ́? Orí àgbà ló wà. Bí àgbà bá lọ, kí la máa mú jáde?

Nítorí náà, a rò pé ohun méjì ló yẹ ká yà sọ́tọ̀. Èyí tí gbogbo ìlú mọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ewé, orúkọ ìlú àti ọjọ́, ká sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tó jẹ́ tuntun, tí ẹnì kan fi ọgbọ́n ara rẹ̀ pò, kí onítọ̀hún pa ẹnu mọ́ ná. Tó bá ti ṣàlàyé rẹ̀ ní rédíò tàbí lórí WhatsApp kó tó fi ìwé sílẹ̀ ní OAPI, ó lè ti ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́.

Brevet máa ń lo ọdún 20, àmọ́ ọdọọdún là ń sanwó rẹ̀; ẹni tí kò bá san án, brevet rẹ̀ á bọ́. Fún ìyá tó ń ta ọṣẹ, ó sàn kó fi orúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn marque. Ọdún 10 ni, a sì lè tún un ṣe. Kò ní kí ẹlòmíràn má se ọṣẹ, àmọ́ kò ní lè fi orúkọ tìyá yẹn tà á.

Bí olùwádìí bá sì wọlé wá béèrè àgbo, ká gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn lórí ìwé ló kọ́kọ́. Protocole Nagoya ti 2010, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, ní àwọn tó ni ìmọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì pín nínú èrè.

Ká má sì tan ara wa: brevet nìkan kì í ṣe owó. Ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti ṣe oògùn NIPRD yẹn, ó gbé e jáde ní Nàìjíríà ní 2006. Nígbà tó di 2008, gbèsè ti wó ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn aláìsàn ló jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ tó mọ̀wé, ẹ mú káyé àti bírò lọ bá àwọn àgbà yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí gbogbo ìlú mọ̀, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí èyí tó kù jáde.